Ẹ̀yìn Owó Filipínì: Ta Ló Ń Ṣọ́ Àwọn Ibi Àjogúnbá Tó Wà Níbẹ̀?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, fídíò kan dá awuyewuye sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orílẹ̀-èdè Filipínì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju odò ìlúwẹ̀ẹ́ lọ, pẹ̀lú ibi tí ọmọdé ti ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ bọ́ sómi àti àwọn ilé kéékèèké tí àlejò lè sùn sí. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí ló di wàhálà. Àárín Chocolate Hills ni, ní ìlú Sagbayan ní erékùṣù Bohol, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè tí gbogbo ọmọ Filipínì ti mọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá mú owó písò 200 wọn, tí ẹ yí i sẹ́yìn, àwọn òkè yẹn lẹ máa rí, àti ẹranko kékeré olójú ńlá kan tí wọ́n ń pè ní tarsier.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: ta ló fún wọn láṣẹ? Ìbéèrè ọ̀hún ju Bohol lọ. Owó Filipínì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ibi àjogúnbá wọn. Ẹ̀yìn písò 20, oko ìrẹsì orí òkè Banaue ni. Ti 100, òkè ayọnáyèéfín Mayon. Ti 500, odò tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ ní Puerto Princesa. Ti 1,000, àpáta iyùn Tubbataha tó wà láàárín òkun, èyí tí ẹ̀dá kéékèèké abẹ̀mí inú omi kọ́. Kò sí bí ìjọba yóò ṣe ya ibi kan sára owó kó má mọyì rẹ̀. Àmọ́ bí a bá tẹ̀ lé ìtàn àwọn ibi yìí, a ó rí i pé orúkọ tí wọ́n ní lọ́dọ̀ ìjọba tàbí lọ́dọ̀ UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kò fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ti ń wá látibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn òkè náà. Wọ́n lé ní 1,260. Ìṣirò mìíràn tilẹ̀ sọ pé wọ́n lè tó 1,776. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n pọ̀ sí jù, Carmen, Batuan àti Sagbayan. Ọ̀pọ̀ wọn ga tó mítà 30 sí 50, èyí tó ga jù sì tó mítà 120. Abẹ́ òkun ni gbogbo ibẹ̀ nígbà kan rí. Iyùn àti ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi ló kó jọ tó di òkúta, ilẹ̀ gbé òkúta náà jáde sókè, òjò sì ń jẹ ẹ́ lára díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún títí àwọn òkè náà fi rí róbótó bẹ́ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko tó bò wọ́n á gbẹ, á sì di àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn àgbà Bohol ní ìtàn tiwọn: òmìrán kan tó ń jẹ́ Arogo ló fẹ́ràn ọmọbìnrin kan, Aloya, nígbà tí Aloya kú, omijé òmìrán náà ló kán sílẹ̀ tó di òkè.

Ní ọdún 1988, ìjọba kéde ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1997, Ààrẹ Fidel Ramos fọwọ́ sí ìkéde 1037, tó sọ ọ́ di ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ààbò òfin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, UNESCO fi gbogbo erékùṣù Bohol sínú ètò Global Geopark rẹ̀, ìyẹn ètò fún ilẹ̀ tí òkúta àti òkè rẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Filipínì. Orúkọ mẹ́ta rèé. Àmọ́ èèyàn ń gbé láàárín àwọn òkè yìí, àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín wọn, àwọn kan sì ti ní ìwé ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ kí ìkéde 1997 tó jáde. DENR, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀ pé ìkéde náà kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ní ìwé ṣáájú. Ohun tó lè fi ilẹ̀ náà ṣe ló dínkù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn mí jù ni pé kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni DENR ti pàṣẹ pé kí ilé ìgbafẹ́ náà, Captain's Peak, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí pé kò ní ìwé àṣẹ àyíká. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n tún kọ̀wé sí i. Àwọn àlejò ń lúwẹ̀ẹ́ lọ ní tiwọn. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilẹ̀ àjogúnbá náà sì ti fọwọ́ sí iṣẹ́ ọ̀hún ṣáájú. Àfìgbà tí fídíò dé orí Facebook ni àṣẹ tó ti wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tó ríṣẹ́ ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, iléeṣẹ́ Ombudsman, tó ń wádìí ẹ̀sùn lórí òṣìṣẹ́ ìjọba, dá òṣìṣẹ́ ìjọba 69 dúró, títí kan gómìnà Bohol, kí ìwádìí lè lọ láìsí ìdíwọ́. Ìdádúró bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìdálẹ́bi, ó sì yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀, torí orí íntánẹ́ẹ̀tì ti dájọ́ kí ilé ẹjọ́ tó jókòó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bínú kò fẹ́ rántí. Ní Carmen, lórí ọ̀kan gan-an nínú àwọn òkè yìí, ìjọba fúnra rẹ̀ ti kọ́ ibùdó ìwòran, ilé oúnjẹ àti ilé ìtura látọjọ́ pípẹ́. Àtẹ̀gùn tó lé ní 200 lẹ máa gùn kẹ́ ẹ tó dé òkè pátápátá, orí rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò Chocolate Hills tí ayé mọ̀ ti wá. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, pẹ̀lú agbára 7.2, ibùdó náà wó, wọ́n sì tún un kọ́. Ẹni tó ní ilẹ̀ tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, tó ń wo ohun tí ìjọba kọ́ sórí òkè, ṣé ẹ ò ní gbà pé ó lè bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí tèmi fi di èèwọ̀?

Ìmìtìtì ilẹ̀ kan náà wó ṣọ́ọ̀ṣì Loon àti ti Maribojoc palẹ̀, ó sì ba ti Loboc àti Baclayon jẹ́ gidigidi. Òkúta iyùn ni wọ́n fi kọ́ wọn nígbà tí Sípéènì ń jọba níbẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣí ti Loon padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilẹ̀ tún mì ní Cebu, erékùṣù tó múlé gbe Bohol, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sì tún fara gbá. Ilẹ̀ Filipínì kì í fi ilé òkúta sílẹ̀ jẹ́ẹ́, àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Paoay, ní àríwá erékùṣù Luzon, wọ́n fi ọwọ̀n òkúta gìrìwò-gìrìwò gbé ògiri ẹ̀gbẹ́ ró, wọ́n sì kọ́ ilé agogo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó má baà wó lu àwọn tó ń gbàdúrà.

Paoay jẹ́ ọ̀kan lára ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1993. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Miag-ao, ní ìpínlẹ̀ Iloilo, tí wọ́n parí ní 1797. Àwòrán gbígbẹ́ ló wà níwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀: Kírísítọ́fà Mímọ́ gbé Jésù ọmọ ọwọ́ léjìká, ó di igi àgbọn mú, igi ìbẹ́pẹ àti ti gúrọ́bà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àlùfáà Sípéènì ló mú ìtàn ẹni mímọ́ náà wá. Ọwọ́ tó gbẹ́ òkúta, ọwọ́ ará ibẹ̀ ni, ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lẹ́yìnkùlé ló gbẹ́ síbẹ̀. (Ìbẹ́pẹ àti gúrọ́bà náà, àlejò ni wọ́n níbẹ̀: ọkọ̀ ojú omi Sípéènì ló kó wọn wá láti Mẹ́síkò.) Ti Manila, San Agustin, òun nìkan ló ṣẹ́kù lórí ìdúró nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Intramuros, ìlú olódi àtijọ́ Manila, lẹ́yìn tí ogun 1945 ti sọ ìlú náà di àlàpà.

Ó yẹ ká mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ àjogúnbá fi máa ń gbóná lọ́dọ̀ wọn. Sípéènì jọba lé wọn lórí fún ohun tó lé ní 300 ọdún, Amẹ́ríkà gba ipò rẹ̀, Japan gba ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọdún 1946 ni wọ́n tó gba òmìnira. Àwọn sójà Amẹ́ríkà kó agogo mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì Balangiga ní 1901. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n tó dá wọn padà. Púpọ̀ nínú ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa Filipínì, àlejò ló kọ ọ́. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ, ló wà lórí òkè Cordillera, ní àríwá Luzon.

Ibẹ̀ ni àwọn Ifugao, ẹ̀yà kan tó ń gbé ibẹ̀, ti gé ara òkè sí ìpele-ìpele, tí wọ́n fi òkúta tàbí amọ̀ mọ ògiri sí etí ìpele kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì gbin ìrẹsì sínú omi lórí rẹ̀. Àwọn kan wà ní gíga 1,500 mítà. Omi tó ń bọ́ ọ kò ti odò ìsàlẹ̀ wá. Orí òkè pátápátá ni igbó wà, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní igbó tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní muyong. Igbó yẹn ló ń gba òjò dúró, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ojú ọ̀nà omi, tí omi fi ń ti oko òkè ṣàn bọ́ sí tìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá gé igbó rẹ̀ tán, oko aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Bí ògiri ẹnì kan bá wó, ẹrẹ̀ rẹ̀ yóò ya lu ti ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí àgbẹ̀ kan ṣe lè dá tọ́jú tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kórè tinawon, ìrẹsì ìbílẹ̀ wọn. Obìnrin ló ń kórè rẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀bẹ kékeré gé orí ìrẹsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dì í ní ìdì. Bí wọ́n ti ń gé e ni wọ́n ń kọ hudhud, orin ìtàn gígùn nípa àwọn akọni ìgbàanì: ìyá àgbà kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é. Orin náà lé ní 200, èyí tí wọ́n bá sì fẹ́ kọ parí lè gba ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n tún ń kọ ọ́ níbi ìsìnkú àgbà. Nínú àká, wọ́n máa ń gbé ère bulul sí i, ère onígi tó ń ṣọ́ ìrẹsì, àwòrò tí wọ́n ń pè ní mumbaki ló sì ń ṣe ètùtù rẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2001 ni UNESCO kéde hudhud gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, nínú ìkéde àkọ́kọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa náà wà.

Ọdún 1995 ni àwọn oko náà ti wọ inú àkọsílẹ̀ ibi àjogúnbá àgbáyé, agbègbè márùn-ún: Batad, Bangaan, Mayoyao, Hungduan àti Nagacadan. Àwọn oko tí wọ́n yà sẹ́yìn písò 20, èyí tí gbogbo arìnrìn-àjò ń lọ wò láti ẹ̀bá ọ̀nà ní Banaue, kò sí lára wọn. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní 2001, UNESCO gbé e lọ sórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó wà nínú ewu, ìjọba Filipínì fúnra rẹ̀ ló sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìdá mẹ́rin oko náà, ìdá kan ti di igbẹ́. Kò sí ogun, kò sí iléeṣẹ́ ńlá kankan tó bà á jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ló lọ.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ìrẹsì ọdún kan kì í tó ìdílé jẹ títí ọdún fi yípo. Bí òjò bá wó ògiri, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ọkùnrin fi ń ru òkúta láìgba kọ́bọ̀. Ìṣáwùrù ńlá kan tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980 pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́, òun ló wá ń jẹ èhù ìrẹsì wọn. Ekòló ńláńlá ń lu ògiri oko ní ihò. Ọmọ tó kàwé á lọ sí Baguio, á lọ sí Manila, tàbí kó kọjá sí òkè òkun, ta ló lè dá a lẹ́bi? Àṣà wọn ni pé àkọ́bí ló ń jogún oko, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Bí àkọ́bí bá wà ní Dubai, oko wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò da omi sí i. Bí kò bá sì sí ìkórè, ibo ni wọ́n ti fẹ́ kọ hudhud?

Ọdún 2012 ni UNESCO yọ ọ́ kúrò nínú ewu, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ògiri àti ojú ọ̀nà omi ṣe, tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ṣe òfin lórí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó lé àwọn èèyàn kúrò kò tíì kúrò.

Àríyànjiyàn kan tún wà lórí ọjọ́ orí àwọn oko náà. Ìwé ilé ìwé ti ń sọ láti ìran dé ìran pé wọ́n ti tó 2,000 ọdún, ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Otley Beyer, wá. Onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó jẹ́ ọmọ Filipínì, Stephen Acabado, pẹ̀lú àwọn ará Ifugao tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, walẹ̀ ní abúlé àtijọ́ Kiyyangan. Ohun tí wọ́n rí fi hàn pé kò jìnnà sí ìgbà tí Sípéènì dé, ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, ni oko ìrẹsì olómi gbòòrò níbẹ̀. Inú àwọn kan kò dùn sí i, bí ẹni pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi, ọlá rẹ̀ pọ̀ sí i ni. Èèyàn tó sá fún amúnisìn gun orí òkè, tó gbẹ́ òkè náà di oko kí ebi má baà lé e sọ̀ kalẹ̀, tí Sípéènì kò sì rí ṣẹ́gun pátápátá, ìtàn tirẹ̀ gbóná ju ti ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti àìmọ ìgbà.

Tubbataha ni ibi tí mo ti rí i pé nǹkan lè ṣeé ṣe. Àárín òkun Sulu ló wà, ó fi bí 150 kìlómítà jìn sí Puerto Princesa. Kò sí abúlé níbẹ̀, omi mímu gan-an kò sí. Oríṣi iyùn tó wà níbẹ̀ lé ní 350, ẹja sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oríṣi 500. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, apẹja ti ń gbé ohun abúgbàmù àti májèlé lọ síbẹ̀ láti pa ẹja. Ní 1988, Ààrẹ Corazon Aquino sọ ọ́ di ọgbà ìjọba, UNESCO gbà á wọlé ní 1993.

Erékùṣù kékeré kan, Cagayancillo, ló ni omi yẹn ní ti ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ sì làwọn apẹja rẹ̀ ti ń jẹ tipẹ́. Ní òpin àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn ìjíròrò gígùn, wọ́n gbà pé ẹnikẹ́ni kò ní pẹja níbẹ̀ mọ́, títí kan àwọn fúnra wọn. Wọ́n ní ìdí. Ẹja tó bá yé ẹyin sí Tubbataha, ìṣàn omi ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti lè pa á. Apá kan owó tí àwọn àlejò tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun ń san sì ń wọlé sí Cagayancillo. Ẹ̀ṣọ́ ń wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, àwọn ọmọ ogun ojú omi, ẹ̀ṣọ́ etíkun, òṣìṣẹ́ ọgbà àti ará Cagayancillo pọ̀. Orí iyanrìn tínínrín kan ni ibùdó wọn wà, oṣù méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń lò kí àwọn mìíràn tó wá gbapò wọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wò lọ, kí wọ́n sì gun ọkọ̀ jáde bí wọ́n bá rí ohun tí kò yẹ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2013, ohun tí wọ́n rí ni ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, USS Guardian. Àṣìṣe wà nínú máàpù tí ọkọ̀ náà ń lò, ó gbé àpáta náà sí ibi tó jìn sí ibi tó wà gan-an. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kàn sí ọkọ̀ náà, ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn ní iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ náà gun orí iyùn, kò ṣeé fà kúrò, gígé ni wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó lè kó o. Ibi tó bàjẹ́ lé ní 2,300 mítà onígun mẹ́rin (square metres). Ní 2015, Amẹ́ríkà san 87 mílíọ̀nù písò. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ tí ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ Ṣáínà kan tún fi gun orí àpáta náà. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, ẹran akika ni wọ́n bá, 400 àpótí.

Ẹ̀ṣọ́ ló rí àwọn méjèèjì. Ká ní wọn kò sí níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ohun tí wọn kò lè mú ni ooru inú òkun. Ní 1998, omi gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, iyùn Tubbataha funfun, púpọ̀ sì kú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún kéde pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ káàkiri òkun ayé, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nìyẹn. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, àlejò kò lè lọ síbẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ra epo ọkọ̀ àti oúnjẹ ẹ̀ṣọ́ dínkù gan-an. Owó àlejò ló ń gbé ọgbà náà dúró, bí iyùn bá kú, àlejò kò ní wá. Ìbéèrè tó ṣẹ́kù nìyí: ibo ni owó yóò ti máa wá lọ́dún tí àlejò kò bá dé?